Ọmọ Adẹ́mu Lórí Àga Ẹ̀yìn

Bàbá mi, adẹ́mu tí í kí ọ̀pẹ kó tó gùn ún,

Mo mọ̀ pé ẹ kò lè ka lẹ́tà yìí. Nígbà tí ẹ wà láyé gan-an, ẹ kò ka ìwé. Èmi ni mo máa ń ka gbogbo bébà tó bá wọlé fún yín, láti orí ìwé owó orí títí dé orí páálí kóró tòmátì. Ẹ ó jókòó lórí àpótí, ẹ ó gbọ́wọ́ lé orúnkún, ẹ ó sì máa wo ẹnu mi bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń hù jáde. Ohunkóhun tí mo bá kà, ẹ gbà á gbọ́. Ìyẹn ló gbé mi jókòó sídìí tábìlì kíṣìnnì ní Finglas, ní Dublin níbí, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi yìí, pẹ̀lú bírò àti ife tíì kan tí kì í ṣe tíì ló wà nínú rẹ̀. Ohun kan wà tí mo kà fún yín rí tí kò sí nínú ìwé. Màá dé orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn.

Wọ́n ti gbé mi lọ sí àga ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi, Tíṣà àgbà, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tí mo kọ́ ìdajì ìjọ náà bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé wáṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi. Mi ò gbọdọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, mi ò gbọdọ̀ ka Bíbélì síta, mi ò sì gbọdọ̀ jókòó síbòmíràn ju orí àga tó kángun sí ilẹ̀kùn lọ. Ọ̀rọ̀ ọtí ni. Kì í ṣe pé mo mu ún. Mo sọ òótọ́ nípa rẹ̀ níwájú adájọ́ ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àbí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tọ́ sí yín ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nígbà tí mo ń bọ̀ níbí, ohun tí gbogbo èèyàn sọ fún mi nípa Ireland ni pé ọtí ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Irọ́ ni. Mi ò tíì rí ìlú tó fẹ́ràn ọtí tó báyìí tó sì tún ń bẹ̀rù rẹ̀ tó báyìí. Àwọn ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, tí mò ń fi mọ́ọ̀pù nu ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, gbogbo ilé ọtí ìlú ló ń tilẹ̀kùn ní ọjọ́ Ẹtì Rere nítorí ikú Olúwa. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ẹ ó rí àwọn èèyàn tí ń ru páálí bíà jáde nínú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ogun ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òfin yọ arìnrìn-àjò sílẹ̀. Ẹni tó bá mú tíkẹ́ẹ̀tì dání lè mu tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti mọ́ọ̀pù mi ṣe máa ń bá àwọn ọkùnrin kan pàdé ní pápákọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì Rere, tí wọn ò gbé àpò kankan, tí wọn ò wo aago, tí wọ́n ń fi sùúrù mu bíà dúdú. Mo máa ń bi ara mi pé níbo ni wọ́n ń rìnrìn àjò lọ gan-an.

Wọ́n ti fagi lé ti ọjọ́ Ẹtì Rere báyìí, ó tó ọdún mélòó kan. Ti ọjọ́ Ìsinmi ló kù. Ṣọ́ọ̀bù kankan kò gbọdọ̀ ta ọtí fún yín láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi títí aago méjìlá ààbọ̀ fi máa lù. Wọ́n ní láyé àtijọ́, nítorí kí èèyàn lè kọ́kọ́ lọ sí Máàsì ni. Ó hàn pé àwọn aṣòfin yẹn ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá rí, nítorí láago méjìlá ààbọ̀, Pásítọ̀ tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu ojú fún ìwàásù kejì ni. Ṣọ́ọ̀bù kékeré sì gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀kùn bo ọtí rẹ̀, kójú má ṣèèṣì rí i, bí ẹni tí ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, láàárín àwọn tó ń pààrọ̀ táyà mọ́tò àti àwọn tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Pásítọ̀ wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó máa ń bẹ aláìsàn wò, ó sì ń sin òkú àwọn tí kò lẹ́nìkan. Oyè rẹ̀ nìkan ló gùn ju ilé ìjọsìn lọ. Kí wọ́n tó pe Àpọ́sítélì, kí wọ́n tó pe Dókítà, kí wọ́n tó kan Alábòójútó Àgbà fún gbogbo Yúróòpù, èmi a ti ka Sáàmù kúkúrú kan tán. Lọ́dún tó kọjá, ó rí yàrá ńlá kan lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Parnell Street, láàárín ìgboro Dublin, ó sì ní Ẹ̀mí ti sọ fún òun pé ibẹ̀ ni ẹ̀ka ìjọ máa wà.

Ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ yàrá náà, ti Morẹ́nikẹ́ ni. Opó ni, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ohùn rẹ̀ sì lè dá bọ́ọ̀sì dúró. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra ẹ̀lùbọ́ àti ẹja gbígbẹ láti ìgbà tí Bísí ọmọ mi ti wà ní kíláàsì kejì. Ṣùgbọ́n àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá náà ti ń ta iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ báyìí, àwọn oníbàárà sì ti ń yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rí i pé ẹni tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ìdána a ra oúnjẹ lọ́dọ̀ òun, a sì tún gba ibòmíràn lọ wá ọtí, níkẹyìn a kúkú ra gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Ló bá ní òun fẹ́ gbàwé àṣẹ kóun náà lè ta bíà dúdú ilé wa àti ẹmu inú ìgò. Bí kò bá rí i gbà, á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa ni.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹmu inú ìgò. Wọ́n ń gbé e kaná kó má baà kan, wọ́n á rọ ọ́ sígò, wọ́n á wá lẹ àwòrán ọ̀pẹ mọ́ ọn lára kó lè rántí ibi tó ti wá.

Níbí, ẹni tó bá fẹ́ gba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ á lọ síwájú adájọ́, ẹni tí kò bá sì fẹ́ lè kọ̀wé ta kò ó. Pásítọ̀ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó fa àga fún mi, ó ní kí wọ́n bù mí lómi. Ó ní ìtìjú ni kí orin ìyìn máa lọ lókè kí ìgò máa ró nísàlẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ pé àwa Yorùbá kì í ṣe èèyàn ọtí, pé àṣà wa kórìíra rẹ̀.

Ó ní, “Mummy Tíṣà, ẹ jẹ́ kí gírámà yẹn wúwo. Kí adájọ́ mọ̀ pé àwa náà jókòó ní kíláàsì.”

Mo kọ ọ́, Bàbá. Mi ò ní purọ́ fún yín pé wọ́n fipá mú mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó tún ní kí n kọ ohun tó ju ọ̀rọ̀ ìkíni ọjọ́ ìbí lọ, orí mi sì wú. Mo wọ gíláàsì mi, mo ti tẹlifíṣọ̀n pa, mo fi gbólóhùn lé gbólóhùn bí ẹni ń mọ bíríkì. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ọtí jẹ́ àjèjì pátápátá sí àṣà àti ìṣẹ̀dálẹ̀ wa. Èmi ni mo kọ ìyẹn. Èmi tí mo mọ òórùn ẹmu òwúrọ̀ lára aṣọ yín kí n tó mọ orúkọ ara mi. Ibi tí kọ́mà máa wà nìkan ni mò ń rò.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n tò láti fọwọ́ sí i. Gbogbo wọn ń fọwọ́ sí i, wọ́n ń lọ, kò sẹ́ni tó kà á, àfi Ìyá Ìbejì. Kì í ṣe ẹni tó kàwé púpọ̀. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè délẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń mí kanlẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọtí ló lé ọkọ rẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́, tó lé e kúrò nílé, tó wá lé e kúrò láyé. Nígbà tó kà á tán, ó gbójú sókè wò mí.

“Ìdí tèmi ò sí níbẹ̀, Tíṣà.”

Mo ní ṣé kí n fi kún un. Pásítọ̀ ti gbọ́. Ó ní rárá, kí a má fi àṣírí ilé wa han òyìnbó, wọ́n á ní ọ̀mùtí ni wá. Ìyá Ìbejì fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, ó fi bírò sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìwé yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí mi nímú. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní òótọ́ lẹ́nu nínú gbogbo wa, òun ni kò ráyè nínú lẹ́tà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e mo lọ ra ẹ̀lùbọ́ ní Parnell Street. Morẹ́nikẹ́ ti gba ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ́wọ́ lọ́yà rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí káńtà láàárín èmi àti òun, ó fọwọ́ nà án títí ó fi tẹ́jú.

“Ẹ wò ó, Mummy,” ló wí, “ẹni tó kọ èyí mọ̀wé o. Ó dùn débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sí i.”

Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀. Títí di òní mi ò bi í. Ó wọn ẹ̀lùbọ́ mi, ó fi ẹ̀ní sí i bó ṣe máa ń ṣe, ó sì béèrè orúnkún mi. Bàbá, ẹ bá mi sọ ọ́: kí ló ṣe wá tí àánú ẹni tí a ṣẹ̀ fi máa ń dunni ju èébú lọ?

Ìrìn bọ́ọ̀sì tí mo padà sí Finglas lọ́jọ́ yẹn gùn. Àga yín ni mò ń rò.

Ẹ rántí àga yẹn? Bẹ́ǹṣì tó kángun sí ilẹ̀kùn ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa, tí ẹsẹ̀ kan kúrú, tí ẹ fi èkùrọ́ méjì ti nídìí. Katikíìsì ti là á mọ́lẹ̀ pé adẹ́mu kò gbọdọ̀ jókòó síwájú, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ tábìlì Olúwa. Ẹ ó fi igbà yín ti ara ògiri níta bí ẹni fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó wọlé, ẹ ó jókòó. Tí ìwàásù bá gùn, ẹ ó dìde jẹ́jẹ́ kí ẹ tó gbọ́ Àmín, nítorí pé ọ̀pẹ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń wí, kò mọ ọjọ́ Ìsinmi. Bẹ́ẹ̀, ní gbogbo Sátidé ni ìyàwó àlùfáà ń rán èèyàn wá gba ẹmu nílé wa, nítorí búrẹ́dì rẹ̀ kì í wú láìsí i. Búrẹ́dì yẹn náà ni wọ́n ń bù lórí tábìlì Olúwa. Ẹmu yín ń wọlé síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin ni wọn ò jẹ́ kí ẹ wọlé. Ṣé ẹ mọ̀? Ó dájú pé ẹ mọ̀. Kí ló dé tí ẹ kò fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ojú máa ń tì mí. Èmi wà níwájú pẹ̀lú àwọn akọrin, màá sì máa bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ má wúkọ́, kí ẹnikẹ́ni má bojú wẹ̀yìn.

Ó yá, ohun tí mo fẹ́ sọ rèé. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ti ìjọ ni ilé ẹ̀kọ́ náà, fọ́ọ̀mù wọn sì béèrè iṣẹ́ bàbá. Mo kọ “àgbẹ̀.” Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé lálẹ́ ọjọ́ náà, oyin kan ṣì ń rìn létí fìlà yín. Ẹ jókòó lórí àpótí, ẹ ní kí n kà á fún yín. Mo kà á láti orí orúkọ mi wá. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ bàbá, mo rí “àgbẹ̀” tí mo kọ, mo sì ka “adẹ́mu.” Mo kà á ketekete. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ sì ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà.

Ohun tí mo gbé kiri fún ọdún méjìléláàádọ́ta nìyẹn. Inú yín dùn pé orúkọ iṣẹ́ yín wọ ìwé ìjọ. Kò wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ sì papò dà, tí àwọn adẹ́mu ẹgbẹ́ yín wá pẹ̀lú ahá wọn láti bu ẹmu àkọ́kọ́ ọjọ́ náà sí ẹsẹ̀ ibojì yín gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ara wọn, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo sọ fún wọn pé ìjọ ò fẹ́. Mo fún wọn ní mọ́ọ̀tì inú agolo. Àwọn àgbàlagbà yẹn gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣí tirẹ̀.

Ọjọ́ kóòtù pé. Bísí gbàyè níbi iṣẹ́ láti gbé mi lọ. Ẹ kò mọ Bísí dáadáa. Ó ń gbọ́ gbogbo Yorùbá tí mo bá sọ, Gẹ̀ẹ́sì Dublin ló fi ń dáhùn. Mo sọ fún un nínú mọ́tò pé ọkàn mi ò balẹ̀ sí lẹ́tà yẹn. Ó ní, “Ah, Mammy, leave it, it's grand.” Ohun gbogbo ni “grand” níbí, pé kò séwu, Bàbá, títí kan ohun tó ń jó lọ́wọ́.

Adájọ́ náà jẹ́ obìnrin kan tó ní ọ̀fìnkìn, tó sì ń fi ìka kan ṣí ìwé. Morẹ́nikẹ́ jókòó sápá kejì nínú ẹ̀wù òtútù dúdú kan tí mo mọ̀ pé nítorí ìsìnkú ọkọ rẹ̀ ló ṣe rà á. Pásítọ̀ sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Nóà, adájọ́ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sún síwájú díẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tó kọ lẹ́tà náà. Pásítọ̀ nawọ́ sí mi bí ẹni ń fi mọ́tò tuntun han èèyàn. Ó ní Tíṣà wa ni. Adájọ́ ní níwọ̀n bí mo ti wà níbẹ̀, kí n kúkú fẹnu ara mi kà á.

Mo dìde. Mo kà á. Ohùn mi kò tíì lọ, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Mo ka ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, mo ka ìkejì. Mo dé ibi tí ọtí ti jẹ́ àjèjì pátápátá. Ojú mi rí i. Ẹnu mi kọ̀. Ìgbà kan rí mo ti kọ irọ́ tí mo sì ka òótọ́ láti fi tan ẹnì kan tó gbẹ́kẹ̀ lé mi. Lọ́jọ́ kóòtù yìí, bí mo bá ka ohun tó wà níbẹ̀ bó ṣe wà, tí mo jókòó, tí a sì lọ sílé, kò sẹ́ni nínú ilé náà tó máa mọ̀ pé mo ṣẹ òun. Ẹ̀yin nìkan ni màá tún ṣẹ̀.

Mo yọ gíláàsì mi.

Mo ní, “Màmá, èmi ni mo kọ gbólóhùn tó kàn yìí, irọ́ sì ni. Adẹ́mu ni bàbá tó bí mi. Orí ọ̀pẹ ló ti rán mi níwèé tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa orúkọ mi yọ kúrò níbẹ̀.”

Mi ò tíì tán. Mo ní bí kóòtù bá fẹ́ gbọ́ ìdí tó ṣeé gbọ́ fún àtakò, ìyá kan wà lẹ́yìn mi tó ní tirẹ̀, kò sì ráyè sọ ọ́, nítorí èmi ni mo fi gírámà gba àyè rẹ̀. Adájọ́ wo ẹ̀yìn mi. Ìyá Ìbejì dìde díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ mú àga iwájú. Ó sọ ti ọkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun nìkan ni adájọ́ fi bírò sílẹ̀ fún láti àárọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, adájọ́ fún Morẹ́nikẹ́ níwèé àṣẹ. Ó ní ọtí gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pé kò gbọdọ̀ gbé ìgò kankan sójú wíńdò, pé òfin ọjọ́ Ìsinmi dúró bó ṣe wà. Ó ní òun fi ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì sọ́kàn nígbà tóun ń sọ bẹ́ẹ̀.

Níta, Pásítọ̀ ò bínú pariwo. Ó kàn sọ pé mo ti já wọn sílẹ̀, ó gbé Bíbélì rẹ̀ mọ́yà, ó lọ. Ìyẹn ò dùn mí. Ti Ìyá Ìbejì ló dùn mí. Ó dúró dè mí lẹ́bàá àtẹ̀gùn.

“Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n ráyè sọ̀rọ̀, Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kí wọ́n máa tà á.”

Òótọ́ ni méjèèjì. Láti ìgbà náà, a máa kíra wa, ṣùgbọ́n kò jókòó tì mí mọ́. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà pé mo jàre. Bí ẹnikẹ́ni bá lẹ́tọ̀ọ́ láti kórìíra ìgò lójú mi, òun ni. Ohun tí mi ò ní gbà láéláé ni kí wọ́n ní a ò mọ̀ ọ́n rí, kí wọ́n fi yín pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú bíà, kójú má ṣèèṣì rí yín.

Wọ́n kéde ìyà mi lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Bísí sunkún. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ díákónì, ń wo ilẹ̀. Wọ́n retí pé kí n kúnlẹ̀ kí n tọrọ àforíjì. Mo gbé báàgì mi, mo tún gèlè mi ṣe bó ṣe yẹ, mo rìn gba àárín wọn kọjá lọ sẹ́yìn, mo jókòó sórí àga tó kángun sí ilẹ̀kùn. Àga ike ni, ẹsẹ̀ kan sì kúrú díẹ̀. Mi ò ṣe àsọdùn. Mo ká bébà ìkéde ọ̀sẹ̀ náà, mo fi tì í nídìí.

Mo wá rí ohun tí ẹ̀yin ti rí láti ọjọ́ yìí tí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni: afẹ́fẹ́ tútù máa ń wọlé níbẹ̀. Ojú ọ̀run ṣeé rí. Gbogbo ìjọ ló kẹ̀yìn sí yín, ẹ sì ń rí gbogbo wọn, àti ẹni tó ń sùn àti ẹni tó ń tẹ fóònù. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ lè dìde nígbà tó bá wù yín.

Lónìí, nígbà tí aago lu méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí Pásítọ̀ ṣì wà lórí ìwàásù àkọ́kọ́, mo dìde. Mi ò yọ́ rìn. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Parnell Street pẹ̀lú gèlè ìjọsìn lórí. Mo bá Morẹ́nikẹ́ tó dúró ti ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára aago. Nígbà tí méjìlá ààbọ̀ pé, ó ṣí i, ó mú ìgò ẹmu kan, ó wé e sínú ìwé ìròyìn bí ẹni wé ọmọ. Òfin ò gbà kí n mu ún nínú ṣọ́ọ̀bù, òfin ò gbà kí n mu ún ní títì. Mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì títí dé Finglas, ẹnì kan sì dìde fún mi lórí ìjókòó nítorí ó rò pé Bíbélì ni.

Òun ló wà nínú ife tíì yìí. Ẹni tó gbé ẹmu wá ni í kọ́kọ́ mu, kí àwọn tó kù lè fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mo ti mu, Bàbá. Kò dára rárá. Ó dùn bí oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé, kò ru, kò ní oyin kankan tó rì sínú rẹ̀. Mo mu ún tán.

Bísí máa dé láìpẹ́, á rí ìgò náà lórí tábìlì. Mi ò gbé e pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Oṣù mẹ́ta máa pé náà, Pásítọ̀ á sì ní kí n padà síwájú, nítorí kò sẹ́lòmíràn tó mọ ibi tí kọ́mà ń wà. Mi ò lọ. Kí wọ́n gbé àga iwájú wọn fún ẹni tó bá fẹ́. Àga bàbá mi ni mo jókòó sí, wọn ò lè fi jẹ mí níyà mọ́.

Màá ka lẹ́tà yìí síta báyìí, láti òkè délẹ̀, kí n tó ká a. Ẹ gbọ́wọ́ lé orúnkún, kí ẹ máa wo ẹnu mi. Ibi tí mo bá ti ka adẹ́mu, adẹ́mu ni mo kọ síbẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ adẹ́mu, ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín,
láti orí àga ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.